Ihò Ẹ̀yìn Àpótí Aláìlọ́wọ́

Inú máa ń bí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ obìnrin náà, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Rúlà ni gbogbo òpópónà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè é, nítorí rúlà onírin kan tí kì í kúrò lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Níwájú rẹ̀, "Mà" ni. Tó bá kọjá tán ló ń di Ìyá Rúlà, wọ́n á sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Kì í pariwo. Ìbínú tirẹ̀ kì í hó bí omi orí iná, abẹ́ eérú ló ti ń jó. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí ẹsẹ̀ tábìlì òun, á wo ẹsẹ̀ tábìlì, á wo oníbàárà, á ní:

"Ta ni yóò máa nù ún?"

Ẹni náà á rẹ́rìn-ín. Òun kò ní rẹ́rìn-ín.

"Mo ní, ta ni yóò máa nù ún?"

Ó lọ́kọ rí. Ọkọ náà ra bẹ́ẹ̀dì kan fún un, orí rẹ̀ jẹ́ kìkì ìtàkùn àti ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sínú igi. Ó bi ọkọ náà ní ìbéèrè kan náà. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní ibẹ̀ ni ìgbéyàwó náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń tọ́jú yàrá nílé àwọn nọ́ọ̀sì, ilé gíga kan lẹ́yìn ọsibítù, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ àti bàtà tó tutù. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, àti àpótí aṣọ onídúrọ́ọ̀ ńlá kan. Ẹni tó kan àwọn àpótí wọ̀nyẹn kò fi ibì kankan sílẹ̀ láìgbẹ́. Ewé wà lára wọn, ìtàkùn wà, orí kìnnìún wà. Eruku a máa wọ ẹnu kìnnìún. Àkísà kò lè dé ibẹ̀, ìka ló fi ń nù ún, ìka tí ọṣẹ ti bó. Ẹsẹ̀ àwọn àpótí náà kúrú, wọ́n rọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jókòó lé ohun tó jí, ìgbálẹ̀ kò lè wọ abẹ́ wọn. Kókó idẹ tí wọ́n fi ń fa dúrọ́ọ̀ yọ síta, ó ń ya á láṣọ. Lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ tó sì gbérí lójijì, kókó idẹ fọ́ ọ lórí. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Òun náà ló tún un nù.

Ọjọ́ yẹn ló ya àpótí tirẹ̀, sí ẹ̀yìn páálí ọṣẹ, pẹ̀lú ìkékúrú pẹ́ńsù.

Àpótí náà kò ní nǹkan kan lára. Ìlà rẹ̀ lọ tààrà, igun rẹ̀ mú, iwájú rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú agbada. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó kí ìgbálẹ̀ wọlé kó sì jáde láìbẹ ẹnikẹ́ni. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ló ní. Èyí tó wà lókè kò jìn, nítorí ìbọ̀sẹ̀ kì í wúwo. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń jìn sí i, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá fi lè gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì mì. Kò sí kókó, kò sí ọwọ́ tí a ó fi fà á. Lábẹ́ iwájú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, igi náà yí wọnú díẹ̀, ìka á wọ ibẹ̀, á bá ibi tó ń dì mú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á dúró níwájú rẹ̀ bí àlejò tí kò rí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti mọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé mọ́. Kò sí ìlà kan nínú àwòrán náà tí kì í ṣe èsì ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ti sọ sí i, tàbí ohun tí igi kan ti ṣe sí i.

Bàbá rẹ̀, tó ti gbẹ́ kìnnìún tó kún igbó nígbà ayé rẹ̀, yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ẹ̀ dà?"

"Kò ní, Bàbá."

"Kò lọ́wọ́? Kí ló máa wá fi jẹun?"

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú èérún igi tí wọ́n fá sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àpótí náà ti ń jẹ́ Aláìlọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá kan náà ló bá a kan èyí àkọ́kọ́, àárín iṣẹ́ náà ni ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀. "O rò pé o dín iṣẹ́ kù ni?" ló wí. "Òdòdó máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ìhòòhò ni tìrẹ yìí. Ìlà kan wọ́, gbogbo ayé rí i." Ó fá ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un fá, títí tí kò fi sí àyè láàárín dúrọ́ọ̀ àti ilé rẹ̀ ju èyí tí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbà kọjá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó ti dúrọ́ọ̀ òkè wọlé. Bí ìyẹn ṣe ń wọlé, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọra yọ síta, bí ẹni tí wọ́n pè tó sì fẹ́ mọ ẹni tó pe òun.

Ọmọbìnrin náà fò sẹ́yìn.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni bàbá wí. "Kò rí ihò gbà jáde, ló bá ti èkejì. Ó ń dáhùn. Ibi tí ẹ bá ti rí dúrọ́ọ̀ tó ń dáhùn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kàn án kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọ méjèèjì ló gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì náà ló jogún ṣọ́ọ̀bù nígbà tí bàbá kú, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ bí ìgbín àti ìkarahun. Ẹ̀gbọ́n ń yan igi, ó ń ya pákó, ó ń kan ilé àpótí. Àbúrò ló ń ṣe dúrọ́ọ̀, nítorí ọwọ́ tí bàbá wọn fi ń fá ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, ara rẹ̀ ló gbé sí. Kò-burú ni ìnagijẹ tirẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí iṣẹ́ yá kíákíá, á ní kò burú. Bí wọ́n bá ní kó lọ́ra, kò burú. Ìyá Rúlà a máa sọ pé bí wọ́n bá wá sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jóná, á kọ́kọ́ ní kò burú, kó tó wá omi.

Àwọn tó ń gbé yàrá kékeré ló kọ́kọ́ fẹ́ràn Aláìlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn onílé ńlá. Èyí àkọ́kọ́, tí bàbá fá dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò kúrò ní yàrá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Láràárọ̀, bí Ìyá Rúlà bá wọlé, á ti dúrọ́ọ̀ òkè rẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ìkejì á yọ. Nígbà náà ni á tó bọ́ bàtà òde.

Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú mìíràn, ó sì lọ tọ́jú rẹ̀ títí egbò fi san. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà, ó gbé báàgì rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa dúrọ́ọ̀ òkè, ó tì í.

Ìkejì kò mì.

Ó tún un fà. Ó tún un tì. Dúrọ́ọ̀ náà wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó, ilẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ó rò pé bóyá igi ló súnkì. Ó fi èékánná tọ etí rẹ̀ yíká, kò rí àyè kankan. Ó wá di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú, ó fà á kúrò lára ògiri.

Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tóbi tó kí àtàǹpàkò wọ̀ ọ́, etí wọn sì ya kátikàti bí ibi tí eku jẹ.

"Kò-burú!"

Àbúrò rẹ̀ ti yàrá ẹ̀yìn jáde, ìyẹ̀fun igi kún irun ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ti dé? Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ara ọmọ ti yá. Ta ló lu èyí?"

"Ẹ jókòó ná, kí n bu omi fún yín."

"Mi ò bèèrè omi. Mo ní, ta ló lù ú?"

Ọkùnrin náà nu ojú. "Èmi ni."

Obìnrin náà ti múra sílẹ̀ de olè, ó ti múra de eku, ó ti múra de òmùgọ̀ tí ẹnì kan gbà síṣẹ́ lẹ́yìn òun. Kò múra de ìyẹn.

"Ìyá Olùkọ́ ni," ni Kò-burú ń wí, ọ̀rọ̀ ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá tó fẹ̀yìn tì, tó ra Aláìlọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ kú. Ó ní dúrọ́ọ̀ ń ṣí fúnra ẹ̀. Ó wá síbí, ó padà wá, omi bọ́ lójú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn."

"O ò ṣàlàyé fún un pé afẹ́fẹ́ ni?"

"Mo ṣàlàyé. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ afẹ́fẹ́ náà."

"Ó dáa. Ti Ìyá Olùkọ́ nìyẹn. Kí ló kan èyí?"

Kò-burú wo ilẹ̀. "Èyí ni mo fi dán an wò. Kí n lè mọ ibi tí ihò yẹ kó wà, kí n má baà ba tiwọn jẹ́."

"O fi ti bàbá dán an wò," ni Ìyá Rúlà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, "kí o má baà ba ti oníbàárà jẹ́."

Ọkùnrin náà gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára apá rẹ̀.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn, tí wọn ò tíì gbé lọ ńkọ́?"

"Mo ti lu tiwọn náà. Kí ẹlòmíràn má baà tún wá rojọ́."

Nígbà tí inú bá ń bí ẹlòmíràn, ara rẹ̀ á máa gbóná. Ti Ìyá Rúlà, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí kò mọ igi ló ṣe é, ì bá bú u, ì bá jẹun, ì bá sùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá àwọn dúrọ́ọ̀ wọ̀nyẹn títí wọ́n fi ń dáhùn. Ó mọ ohun tó ń dáhùn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì pa á lẹ́nu mọ́.

"Ẹni tó kọ́ ọmọ ẹ̀ títí ó fi gbọ́n," ló wí, "tó wá ní kó máa ṣe bí òpè kí ara lè tu àlejò. Ìwọ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n—"

"Dí wọn. Gbogbo wọn pátá. Dí wọn lónìí."

"Rárá."

Ọ̀rọ̀ náà ya àwọn méjèèjì lẹ́nu. Kò-burú dúró, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ju òkò tí kò sì mọ̀ bóyá ó ba wíńdò.

"O ní kí ni?"

"Mo ní rárá, mà. Ẹ̀yin lẹ ya àwòrán, mo gbà. Ìlà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ká gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀, ẹ ní ìgbálẹ̀. Mo ní ká fi kókó kékeré sí i fún àwọn àgbà tí ìka wọn ti le, ẹ ṣí irun yín, ẹ ń fi àpá hàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi, àpá yẹn ti jinná látọjọ́ pípẹ́! Nínú gbogbo àpótí yìí, dúrọ́ọ̀ nìkan ni mo ní. Èmi ni mò ń fá a, èémí mi ló wà níbẹ̀. Bí mo bá lù ú, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo lù."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Nínú àpótí mi."

"Nínú àpótí wa."

Ìyá Rúlà lọ síbi ògiri tí àwọn páálí líle tí wọ́n fi ń wọn Aláìlọ́wọ́ so rọ̀ sí, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí pákó kí wọ́n tó ya á. Ó já wọn kúrò lórí ìṣó, ó kì wọ́n sábẹ́ apá.

"Mò ń lọ sílé Ìyá Olùkọ́ báyìí, màá dí tiwọn fúnra mi. Tí mo bá padà dé tí ihò ṣì wà lára ọ̀kan ṣoṣo níbí, mi ò ní ya pákó kankan fún ẹ mọ́. Máa kan tìẹ, kí n máa kan tèmi. Ṣọ́ọ̀bù á di méjì."

"Ẹ̀yin àti inú bíbí," ni àbúrò rẹ̀ sọ tẹ̀lé e. "Ẹ̀yin àti inú bíbí!"

Kò wẹ̀yìn. Ó gé àwọn èèkàn igi róbótó sínú àpò, ó mú gọ́ọ̀mù, sáńpépà, ìṣó wẹ́wẹ́ àti òòlù kékeré, ó jáde. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni ó ń bá àbúrò rẹ̀ jà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ń borí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ìyá Olùkọ́ ń gbé, ní òkè pátápátá. Obìnrin tínrín kan ló ṣí ilẹ̀kùn, irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì wo àlejò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máàkì rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Láti ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà ni."

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin yẹn. Ojú yín jọra. Àfi pé ojú tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Mo wá tún àpótí yín ṣe, mà."

"Kò bàjẹ́."

"Ihò wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n lù ú. Bọ́ bàtà ẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni."

Yàrá náà mọ́ débi pé ojú ń dun ẹni tó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, ó tóbi ju ẹnì kan lọ, aṣọ orí rẹ̀ nà tàntàn. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Aláìlọ́wọ́ dúró ní igun, ìmọ́lẹ̀ wíńdò nà sórí rẹ̀ láìkọsẹ̀, kò sì sí ohunkóhun lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ sí fọ́tò.

"Màmá," ni Ìyá Rúlà wí, ó ń fi sùúrù tí kò ní sọ̀rọ̀, "mo gbọ́ pé ọkọ yín kú, mo rò pé ẹ̀rù ń bà yín. Kò sí òkú níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ni, kò rí ọ̀nà—"

"Òkú wo?" Ìyá Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. "Sáyẹ́ǹsì ni mo fi kọ́ ọmọ títí irun mi fi rí báyìí. O fẹ́ wá kọ́ mi ní afẹ́fẹ́?"

"Àbúrò mi ní ẹ̀ ń sunkún ni."

"Ìbínú ni. Àwọn ọkùnrin kì í mọ̀ ọ́n yàtọ̀."



"Jókòó," ni àgbà náà wí. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. "Ọkọ mi kì í ti nǹkan. Ènìyàn dáadáa ni, kò nà mí rí, kò pariwo mọ́ mi rí. Àmọ́ kì í ti nǹkan. Á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á mú ife, á lọ. Á ṣí ìgò, ìdérí á wà lórí tábìlì, ìgò á wà lórí wíńdò. Gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé yìí á yọ ahọ́n síta bí ajá tó sáré. Mo bá a sọ ọ́ ní ìyàwó tuntun, mo bá a sọ ọ́ ní ìyá ọmọ. Á ní, 'Ó mà ṣe o, mo gbàgbé.' Èmi ni mò ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mò ń tì í. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo dé, mo ń tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ẹ̀ jáde, gbogbo wọn bá a jáde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Èmi náà ni mo padà wá tì í."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè nísàlẹ̀. Ìyá Olùkọ́ dúró de ìgbà tó dákẹ́.

"Mo wá dé ṣọ́ọ̀bù yín, mo rí àpótí yìí. Kò sí òdòdó, kò sí kókó, kò sí ìrànù kankan, ìgbálẹ̀ ń wọ abẹ́ ẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi, ẹni tó ya èyí ti nu nǹkan onínǹkan rí."

Ìyá Rúlà kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Láti ọjọ́ tí Aláìlọ́wọ́ ti wà láyé, àwọn ènìyàn ti ní ó lẹ́wà, wọ́n ti ní ó jẹ́ tuntun, wọ́n ti ní ó jọ ti ilé òyìnbó. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn rí.

"Mo gbé e wálé. Mo ti èyí tó wà lókè, ìkejì ṣí. Mo ti ìkejì, ìkẹta ṣí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí, mo sì bú u. Mo bú ọkọ mi nínú sàréè ẹ̀, mo bú ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn án. Nínú gbogbo àpótí tó wà lọ́jà, èyí tó máa tún bá mi ṣí nǹkan sílẹ̀ ni mo lọ fi ọwọ́ ara mi gbé!"

Èèkàn igi wà lọ́wọ́ Ìyá Rúlà. Ó wò ó, ó dá a padà sápò. Ìbínú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Gbogbo ibi tó bá dé, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ó ya àpótí náà nítorí kókó kan fọ́ ọ lórí. Ó ya á kí ẹni tó ń nu nǹkan lè sinmi. Òun ló tún wá gbé iṣẹ́ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń gbéra ga lórí rẹ̀ láràárọ̀, pé ó ń dáhùn.

 Ó dìde, ó fa àpótí náà kúrò lára ògiri, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti ṣubú sẹ́yìn dúrọ́ọ̀ òkè, igi ṣákaṣàka etí ihò ti họ ọ́, òwú rẹ̀ ti fà jáde gbọọrọ.

Níbẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti rí ìjókòó.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo irú ihò tí ọmọkùnrin yẹn lù! Ta ló ń lu ihò báyìí? Aáyán á ti ibí wọlé, eku á ti ibí wọlé, á fa gbogbo aṣọ yín ya. Ọmọ bàbá mi! Ẹni tí bàbá mi kọ́!"

"Bú u," ni Ìyá Olùkọ́ wí, ó sì jókòó níkẹyìn. "Ó ń tu èmi náà lára."

Ó fi sáńpépà họ etí àwọn ihò náà títí wọ́n fi jọ̀lọ̀, tí ìka ń yí nínú wọn láìkọ́. Ó bèèrè bóyá àsẹ́ kékeré kan wà tí wọn kò lò mọ́. Ìyá Olùkọ́ lọ sí kíṣìnnì, ó mú àsẹ́ tíì kan wá, ó ní ti ọkọ òun ni, kì í sì í fọ̀ ọ́. Ìyá Rúlà gé nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó kan ìṣó wẹ́wẹ́ yí i ká. Ó ti àpótí padà sáyè rẹ̀.

Àgbà náà fa dúrọ́ọ̀ òkè, ó tì í, ó dúró. Kò sí ohun tó yọ. Èjìká rẹ̀ tó ti ga sókè látìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn wá rọra sọ̀kalẹ̀.

"Ó gbọ́rọ̀," ló wí. Kò dúpẹ́, Ìyá Rúlà kò sì retí ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Rúlà padà dé ṣọ́ọ̀bù, Kò-burú jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ká apá méjèèjì lọ́nà tó fi hàn pé ó ti fi àsìkò púpọ̀ múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò tíì dí ihò kankan.

"Ẹ dí tiwọn?"

"Mi ò dí i."

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti múra sílẹ̀ kò rí ibi lọ mọ́. "Háà," ló wí.

"Má ṣe háà fún mi. Ihò ẹ ń jẹ aṣọ. Ìbọ̀sẹ̀ ìyá arúgbó ló họ bí ológbò. Bí a bá tilẹ̀ máa ba nǹkan jẹ́, ṣé kò yẹ ká bà á jẹ́ bó ṣe tọ́ ni?"

"Mo kánjú ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kó tán kẹ́ ẹ tó dé."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. O dúró de ìgbà tí mo lọ." Ó gbé àwọn páálí líle padà sórí ìṣó wọn, ó tún wọn tò, ó tún wọn tò lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ti bàbá, wàá dí i. Ìwọ fúnra ẹ. Ti bàbá kì í ṣe tìẹ, kì í sì í ṣe tèmi."

Ọkùnrin náà tú apá rẹ̀ ká. "Ti bàbá, màá dí i," ló wí. "Ẹ má bínú."

"Màá bínú."

Ó dí i ní ọ̀sẹ̀ náà, pẹ̀lú igi tó pupa díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kò sì kùn ún kó lè jọra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì ní kó kùn ún. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ igi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Wọn kò sọ̀rọ̀ mìíràn. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá tó, kálukú ń jẹ tirẹ̀ ní igun tirẹ̀.

Báyìí ni wọ́n wà nígbà tí tọkọtaya kan wọlé wá wo àpótí. Kò-burú ti ṣe Aláìlọ́wọ́ tuntun kan tán, kò lù ú, ó ń retí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wí. Ọkọ náà ti dúrọ́ọ̀ òkè, ìkejì yọ. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí idán. Ó tún un ṣe. Ó fa ìkẹta, ó fa ìkẹrin, ó ń tì wọ́n, ó ń ṣí wọn, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ wò ó!" Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ wo àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.  Ìyàwó rẹ̀ kọjá síwájú àpótí náà, ó ń ti àwọn dúrọ́ọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìyá Rúlà ti ń wò ó láti ìdí tábìlì iṣẹ́.

"Ta ló ń ti nǹkan nílé yín?" ló bèèrè.

"Mà?" ni ọkọ wí.

"Dúrọ́ọ̀. Ilẹ̀kùn. Ìdérí ìkòkò. Ta ló ń tì í?"

"Ṣe ẹ mọ̀, àwa méjèèjì ni a jọ—"

Ìyàwó náà gbé ojú sókè, ó wo àjà.

"Kò-burú," ni Ìyá Rúlà pè, "mú ẹ̀rọ tí o fi ń lu igi wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ọkọ náà wí, "ohun tó ń ṣe yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn lára ẹ̀."

"Mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà dé, ó sì na ọwọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò fún un láyè. Ó yí ẹ̀yìn àpótí náà síta, ó kúnlẹ̀, ó fi rúlà wá àárín rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ ní ṣókí. Ojú rẹ̀ le koko. Bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe kan igi, àpótí náà fẹ́ yẹ̀ lórí ẹsẹ̀ gíga rẹ̀. Ìyàwó náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ dì í dáadáa," ni Ìyá Rúlà wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ náà wọlé.